Ọmọ Tó Fẹ́ Di Ayàwòrán Ilé: Orúkọ Yunifásítì Nìkan Kọ́ Ni Ká Wò

Àsìkò tí àwọn ọmọ ń dúró de lẹ́tà ìgbaniwọlé ti tún dé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa. Bí èsì JAMB bá ti jáde báyìí, ìbéèrè tí òbí máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ ni pé, "Yunifásítì wo ló gbà ọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ fún ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé, àwọn tí ará ìgboro ń pè ní akitẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè yẹn nìkan ò tó rárá. Yunifásítì lè gbajúmọ̀ títí dé òkè òkun, kí ẹ̀ka tí ọmọ yín ń lọ má sì ní ìfọwọ́sí. Ìgbà tí ọmọ bá parí tán lojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là.

Àjọ méjì lọ̀rọ̀ yìí kàn, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń wò. Èkínní ni NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó gbogbo yunifásítì. Èkejì ni ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1969 ni òfin tó gbé e kalẹ̀ ti wà. NUC ló ń sọ bóyá dígírì náà kún ojú ìwọ̀n. ARCON ló ń sọ bóyá ẹni tó gba dígírì náà lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin. Kódà, orúkọ "architect" yẹn, kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni kàn lè kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ARCON, òfin ò gbà á láyè kó máa pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan wà nípa NUC tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ lápapọ̀, máàkì ni wọ́n sì ń fún un bí ìgbà tí olùkọ́ ń máàkì ìdánwò. Ẹ̀ka tó bá gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún sókè, tó sì ṣe dáadáa nínú àwọn ohun tó ṣe kókó, á gba ìfọwọ́sí kíkún tó máa lo ọdún 5. Èyí tó bá gba 60 sí 69 á gba ti onígbà díẹ̀, ọdún 2 péré, kó fi lọ tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tí ò bá tó 60, kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun wọlé mọ́.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Ọdún 4 ni BSc. Bí ọmọ bá wọlé lọ́dún tí ẹ̀ka náà ń lo ìfọwọ́sí ọlọ́dún méjì, ìfọwọ́sí yẹn á ti tán kí ọmọ tó dé ipele kẹta. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò ní lè tún un ṣe. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "wọ́n ní accreditation," ẹ bi í pé: irú èwo? Ìgbà wo ló máa tán?

BSc yẹn gan-an kọ́ sì ni òpin ọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún 4 yẹn ni ọmọ á tún lọ ṣe MSc ọlọ́dún 2, lẹ́yìn náà ni á ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 lábẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, kó tó jókòó ṣe ìdánwò tó máa gbé orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ARCON. Bí ẹ bá ka ọdún àgùnbánirọ̀ mọ́ ọn, ó di bí ọdún 9. A ò tíì dárúkọ ìyanṣẹ́lódì o. Ti ọdún 2022 nìkan, oṣù 8 gbáko ni ASUU fi ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dúró síbi BSc nítorí owó, tí àwọn òbí wọn á sì ti máa pè wọ́n ní akitẹ́ẹ̀tì níbi ìnáwó. Kò burú, ìdùnnú òbí ni. Ṣùgbọ́n lójú òfin, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò tíì débẹ̀. Ti àwọn tó gba ọ̀nà poli, tí NBTE ń mójú tó, tún gùn ju èyí lọ, torí ọ̀pọ̀ wọn ló tún máa ń padà lọ sí yunifásítì lẹ́yìn HND.

Owó ńkọ́? Iṣẹ́ yìí ń jẹ owó lọ́nà tí ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ kì í fi hàn. Kọ̀ǹpútà tó lágbára tó fi lè gbé AutoCAD àti Revit, páálí àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kọ́ ilé kékeré, títẹ bébà ńláńlá jáde lọ́pọ̀ ìgbà láàárín sáà kan. Ẹ̀yáwó NELFUND ń ran àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́wọ́, ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń fún wọn ní 20,000 náírà lóṣù fún ìtọ́jú ara wọn. Kí ọmọ tó fi jẹun, kó tún wọ ọkọ̀, èló ló máa kù fún páálí?

Ibi tí mo rò pé ó yẹ ká ti tẹjú mọ́ ọ jù ni sítúdíò. Ìdajì iṣẹ́ yìí, àbí kí n sọ pé ó ju ìdajì lọ, kì í ṣe nínú kíláàsì tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ tí ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Yàrá gbàgede kan ni, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní tábìlì tirẹ̀. Wọ́n á ní kó ya ilé ìwòsàn, tàbí ọjà. Olùkọ́ á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á bi í pé, "Tí òjò bá rọ̀ láti apá ibí, ibo ni omi máa gbà?" Bí iṣẹ́ bá parí, ọmọ á gbé e kọ́ ara ògiri, àwọn olùkọ́ á sì tú u wò fínnífínní lójú gbogbo kíláàsì. Omijé máa ń dà lọ́jọ́ yẹn, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ò ṣeé ṣe bí olùkọ́ kan bá ń bójú tó ọmọ rẹpẹtẹ, tàbí tí iná ò sí, tí àwọn ọmọ ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yàwòrán lóru. Ìdí nìyí tí àwọn àjọ náà fi ń ka olùkọ́, tí wọ́n ń ka àyè, tí wọ́n ń wo ohun èlò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Kò pamọ́ fún ẹni tó bá ti ká yunifásítì ní orílẹ̀-èdè yìí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń yá olùkọ́, wọ́n á yá ìwé, wọ́n á yá kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún kun ògiri ní ọ̀dà, bí àwọn olùyẹ̀wò bá fẹ́ dé. Bí àlejò bá ti lọ, kálukú á gbé ẹrù ẹ̀. Ìfọwọ́sí wà lórí bébà, ọmọ ò sì rí nǹkan kan kọ́. Ní tèmi, ẹ̀bi yìí ò mọ sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti kéde ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣe ló dà bí ìgbà tí a bá sọ fún ọmọ pé a fẹ́ yọjú sí yàrá ẹ̀ lọ́la.

Ẹnì kan lè wá sọ pé: Demas Nwoko ńkọ́? Òótọ́ ni. Bàbá náà, tó yàwòrán ilé ìjọsìn àwọn Dominican nílùú Ìbàdàn, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kì í ṣe iṣẹ́ ayàwòrán ilé. Síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Golden Lion ní Venice lọ́dún 2023, fún iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé àṣẹ kì í fún èèyàn lẹ́bùn, ta ló máa jiyàn ìyẹn? Ṣùgbọ́n Nwoko kan ṣoṣo la rí. Lánlọ́ọ̀dù tó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí àdúgbò yín kì í ṣe Nwoko ló ń wá. Ẹni tó máa ya plánù fún un lówó pọ́ọ́kú ló ń wá, ẹni tó máa lọ yá òǹtẹ̀ ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi àti ẹ̀yin tí a ò ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 2021, èèyàn tó lé ní 40 ló kú. Aláṣẹ ìjọba Èkó kan sọ nígbà náà pé àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí. Mi ò sọ pé ẹ̀bi ayàwòrán ilé ni gbogbo ilé tó bá wó o. Ìṣirò irin àti kankéré, iṣẹ́ injínnià ni. Ìbéèrè tèmi ni pé, nígbà tí olówó bá ní kí wọ́n fi àjà kún un, ta ló máa sọ pé rárá? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní ohun tó lè pàdánù, wọ́n lè yọ orúkọ ọ̀hún. Ẹni tí kò sí nínú ìwé kankan, kí ni wọ́n fẹ́ yọ?

Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, OAU ní Ifẹ̀, UNILAG, FUTA ní Àkúrẹ́, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Covenant ní Ọ̀tà wà lára àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. A ò ní sọ èyí tó dáa jù fún yín. Ẹ béèrè ipò ẹ̀ka náà lónìí lọ́wọ́ NUC àti ARCON fúnra wọn, kó tó di pé ẹ san owó ìgbàwọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ wọkọ̀ kẹ́ ẹ lọ wo sítúdíò wọn ní ọjọ́ tí kò sí àlejò kankan níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi ọmọ tó bá wà nídìí tábìlì pé ìgbà wo ni olùkọ́ dúró tì í kẹ́yìn.