Ọwọ́ ìyá kì í ṣe bẹ́líìtì o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ gbé ọmọ lọ sílùú òyìnbó

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyá ọlọ́mọ méjì kan bẹ̀rẹ̀, nítorí irú ẹ̀ pọ̀ nínú bàálù tó ń ti Èkó lọ sí London. Oṣù mẹ́fà ló fi sáré físà. Ó ra gààrí Ìjẹ̀bú, ó ra èlùbọ́, ó wá aṣọ òtútù lọ sọ́jà títí tó fi rí i. Ọmọ ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Gbogbo nǹkan ló rántí, àfi ẹyọ kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀ ní Heathrow, àbúrò ọkọ ẹ̀ ti gbé mọ́tò wá pàdé wọn. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kó ẹrù sí búùtù. Bí ìyàwó ṣe ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó fẹ́ẹ́ wọlé tòun tọmọ, ni àbúrò ọkọ bá di ilẹ̀kùn mú.

"Ìyàwó wa, síìtì ọmọ dà?"

"Síìtì wo, ọkọ mi? Ṣebí ẹsẹ̀ mi ló máa wà. Bá a ṣe gbé e dé pápákọ̀ n'Íkẹjà náà nìyẹn."

"Kò ṣeé ṣe níbí o. Èmi tí mo wà nídìí ọkọ̀ ni wọ́n máa mú."

Ojú ìyàwó le. Lọ́kàn ẹ̀, ó ní àṣejù òyìnbó ti ran àbúrò ọkọ òun. Ọmọ ń ké, òtútù ń mú, ẹrù ti wà ní búùtù. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, tàkísì ni ìyá àtàwọn ọmọ wọ̀, mọ́tò tó wá gbé wọn sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Owó tẹ́nikẹ́ni ò ní lọ́kàn jáde lápò, ìrẹ́rìn-ín àkọ́kọ́ sì di ojú kíkọ́.

Ta ló jàre? Àbúrò ọkọ ni. Ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ni pé ọmọdé gbọ́dọ̀ wà nínú síìtì tó bá gíga tàbí ìwọ̀n ẹ̀ mu títí tó fi máa pé ọmọ ọdún 12, tàbí tí gíga ẹ̀ fi máa tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Awakọ̀ ni òfin máa dì mú, owó ìtanràn ẹ̀ sì lè tó 500 pọ́n-ùn. Wọ́n yọ tàkísì sílẹ̀: bí onítàkísì ò bá ní síìtì tó yẹ, ọmọ lè jókòó sẹ́yìn. Èyí tó ti pé ọdún mẹ́ta á de bẹ́líìtì àgbà, èyí tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta á lọ láìsí bẹ́líìtì. Àmọ́ pé òfin gbà á kò sọ pé ewu ti kúrò níbẹ̀ o.

Ewu wo? Bí mọ́tò tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí bá ṣàdédé kọlu ohun tí kò ṣeé mì, ọmọ tó wọn kílò 10 lè fi agbára bíi kílò 200 já síwájú. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin nìyẹn! Ìyá wo ló fẹ́ fi apá méjèèjì dá àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin dúró kó tó ṣẹ́jú? Bí ìyá náà ò bá sì de bẹ́líìtì, òun fúnra ẹ̀ ló máa tẹ ọmọ mọ́ àga iwájú. Kì í ṣe pé ìyá ò nífẹ̀ẹ́ ọmọ. Ìfẹ́ ò lágbára tó irin ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì mọ sórí mọ́tò nìkan. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, ọdún 1989, bàálù DC-10 kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ United já ní Sioux City, ní ìpínlẹ̀ Iowa, l'Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí ẹ̀ ló fọ́ lófuurufú, tó ba ohun tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ jẹ́. Èèyàn 296 ló wà nínú ẹ̀, 112 ló kú. Ọmọ kéékèèké mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ òbí wọn lọ́jọ́ náà. Jan Brown, olórí àwọn tó ń tọ́jú èrò, sọ fáwọn òbí náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà yẹn: kí wọ́n tẹ́ ọmọ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n sì dì í mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú. Ọ̀pọ̀ ọdún lobìnrin yìí fi ń bá ìjọba fà á pé kí gbogbo ọmọ ní ìjókòó tiẹ̀ nínú bàálù.

Síbẹ̀, títí dòní, òfin Amẹ́ríkà ṣì gbà kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì wà lẹ́sẹ̀ òbí. Ìdí tí ìjọba wọn sọ ni pé bí wọ́n bá sọ tíkẹ́ẹ̀tì kejì di dandan, òbí tí ò lówó ẹ̀ á gbé mọ́tò, títì sì ń pa èèyàn ju òfurufú lọ. Ṣùgbọ́n FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ṣì ń rọ òbí pé kí wọ́n gbé ọmọ sínú síìtì tiẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo òbí l'Ékòó lówó tíkẹ́ẹ̀tì kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá máa wà lẹ́sẹ̀, kó má dì í mọ́ inú bẹ́líìtì tara ẹ̀, torí ara àgbà lè tẹ ọmọ pa. Nínú bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń fún ìyá ní bẹ́líìtì kékeré tọmọ, tí wọ́n á so mọ́ tìyá.

Ẹni tó bá sì rówó ra ìjókòó fọ́mọ ẹ̀, kó pe iléeṣẹ́ bàálù kó tó sanwó. Bẹ́líìtì inú bàálù ò kọjá ìbàdí, kò ní ti èjìká bíi ti mọ́tò, nítorí náà kì í ṣe gbogbo síìtì ló ṣeé dì mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà máa ń ní lẹ́tà pupa lára tó sọ pé ó wà fún mọ́tò àti bàálù. Ẹ wọn ìbú ẹ̀ náà: èyí tí kò bá ju íǹṣì 16 lọ ló máa ń wọ ọ̀pọ̀ àga bàálù. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó má baà dí ọ̀nà. Àpótí ìjókòó tí ò ní ẹ̀yìn, tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ńlá ga, kò wúlò nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni ti ríra. Ẹ̀gbọ́n á fi síìtì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, wọ́n á gbé e lọ sí London. Òfin ò gbà á! Síìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà E nínú òbìrí, pẹ̀lú R44 tàbí R129. Èyí tó ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò sì bófin Amẹ́ríkà mu. Torí náà, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń lọ lẹ máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ sì ṣọ́ra fún tòkúnbọ̀. Mọ́tò tòkúnbọ̀ lè dára, àmọ́ síìtì tẹ́ ẹ ò bá mọ ẹni tó lò ó, ẹ ò mọ̀ bó bá ti wà nínú ìjàm̀bá rí. Ó lè sán nínú kí ara ẹ̀ máa dán. Ti ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó lè fọwọ́ sọ̀yà lẹ lè yá. Bí mọ́tò háyà lẹ máa lò, ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ nílò síìtì, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ọmọ.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń lò ó. Orí ọmọ ọwọ́ wúwo, ọrùn ẹ̀ ò sì tí ì gbó, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn ọkọ̀. Lábẹ́ R129, ó gbọ́dọ̀ ju oṣù 15 lọ kó tó kọjú síwájú, bẹ́ ẹ bá sì lè jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn. Ẹ má gbé ọmọ tó kọjú sẹ́yìn sí iwájú ọkọ̀ tí àpò afẹ́fẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, torí bó bá bẹ́, orí ọmọ ló máa gbá.

Èyí tí àwọn ará Èkó kì í mọ̀ ni ti kóòtù òtútù. Ẹ má fi kóòtù tó nípọn di ọmọ mọ́ síìtì. Bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, kóòtù á fún pọ̀, okùn á dẹ̀, ọmọ á yọ́ jáde. Ẹ bọ́ kóòtù náà, ẹ di ọmọ dáadáa débi tẹ́ ẹ ò fi lè fi ìka méjì ká okùn èjìká jọ, kẹ́ ẹ wá fi kóòtù bò ó lórí.

Bẹ́ ẹ bá padà délé ńkọ́? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ síìtì olówó gọbọi ń sùn sí l'Ékòó, tí ọmọ tó ni ín sì ń dúró láàárín àga méjì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 2003 síwájú sì ti ní irin kéékèèké láàárín ìdí àti ẹ̀yìn àga tó wà lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń so síìtì ọmọ. Ẹ tẹ ọwọ́ bọ ibẹ̀, ẹ máa kàn án.

Ọlọ́pàá òyìnbó kọ́ ló ń pa ọmọ, ọ̀nà ni, ọ̀nà tiwa náà sì ń pani. Àwọn àgbà sọ ọ́ tán: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ dì wọ́n dáadáa o.