“Kò Síbi Tó Ń Dùn Mí”: Ìgbà Àyẹ̀wò Gan-an Nìyẹn

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Abala Ìlera

Obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata lọ́jà, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, kì í dúró kí ẹ́ńjìnnì kú kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti pé, yóò da dúdú nù, yóò rọ tuntun sí i, yóò fún bẹ́líìtì tó ti ń dẹ̀ kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó gbé abọ́ ata dé. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó bá kú lọ́jọ́ ọjà, owó tí yóò fi jí i ju owó ọ́ìlì lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi obìnrin yìí kan náà pé ìgbà wo ni nọ́ọ̀sì yẹ ara tirẹ̀ wò kẹ́yìn, yóò rẹ́rìn-ín. “Kò síbi tó ń dùn mí,” ni yóò wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń gba ẹ̀mí. Ìgbà tí kò síbi tó ń dun obìnrin gan-an ni àsìkò àyẹ̀wò. Bí ìrora bá ti wọlé, ìtọ́jú ló kù, owó ìtọ́jú kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ owó àyẹ̀wò.

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló fi èyí hàn jù. Lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọmú, òun ló wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn obìnrin Nàìjíríà. Nínú ìṣirò àgbáyé fún ọdún 2020, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni wọ́n ká a mọ́ lára ní orílẹ̀-èdè yìí, nǹkan bí 8,000 ló sì bá a lọ. Kòkòrò HPV, tó ń ti ara ìbálòpọ̀ ràn, ló sábà máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó kòkòrò yìí, tí ara wọn sì ń lé e lọ láìgba oògùn. Ẹni tí kò bá kúrò lára rẹ̀ ni ewu ń dúró dè. Ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Bí HIV bá wà lára obìnrin tí kò sì lo oògùn rẹ̀, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò ní dùn ún, kò ní dí i lọ́wọ́ ọjà. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí ẹni tó ti dẹ́kun nǹkan oṣù tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àrùn ti rìn jìnnà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Olóko yìí ní ọ̀pọ̀ ọdún láti fi mú olè náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jí i lójú oorun.

Àyẹ̀wò tó lè mú un kò le rárá. Obìnrin yóò dùbúlẹ̀, wọ́n á fi aṣọ bo ìbàdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò fi irinṣẹ́ kan la ojú ara kó lè rí ẹnu ilé ọmọ, yóò rẹ òwú sínú omi kíkan irú èyí tó wà nínú fínígà ìdáná, yóò fi kàn án, yóò sì dúró bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí ara bá ti fẹ́ máa yí padà yóò funfun. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé kò tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n lè fi ooru tàbí òtútù pa ibẹ̀, nígbà mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an, kí obìnrin náà sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ọmọ ọdún 30, kí ẹni tó ní HIV bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 25. Èyí tí wọ́n ń fi omi kíkan ṣe yẹ kó máa wáyé lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kì í kanlẹ̀kùn. Ó lè kọjá 140/90 lára ẹni tó ń jó lóde. Kókó ọmú tó léwu sábà máa ń wà láìdunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú fò ó.

Àwọn obìnrin ní ìdí tí wọn kì í fi í lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó. Ẹni tó ń jẹ nínú ohun tó tà lónìí, bó bá ti ìsọ̀, ìkòkò lè má gorí iná. Ìtìjú wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀: “Kí n má lọ fọwọ́ ara mi wá àrùn.” Àwọn mìíràn kà á sí àìnígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó gbàdúrà nínú gáréèjì ṣì ń tẹ bíréèkì wò kó tó wọ títì, àdúrà rẹ̀ kò sì dín kù. Àyẹ̀wò kì í dá àrùn sílẹ̀. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ló ń fi hàn, nígbà tí apá ṣì ká a. Ẹni tí ojú ń tì sì lè ní nọ́ọ̀sì obìnrin ni kó yẹ òun wò. Kí ilé ìwòsàn gbà fún un.

Èyí tó kù kì í ṣe ẹrù obìnrin nìkan. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn alábọ́dé máa ń kún fún ìyá, ọmọ lẹ́yìn wọn, káàdì ọmọ nínú ọ̀rá kó má baà rẹ. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sí káàdì. Ọ̀pọ̀ ìyá yóò sì padà sílé láìsí ẹni tó bi í léèrè ara tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ìjọba lò. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá tó mú ọmọ wá gbà á, kí wọ́n yẹ òun náà wò. Kí ìyálọ́jà bá nọ́ọ̀sì dá ọjọ́ kan tí ọjà kì í yá. Kí àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti ìyá ìjọ lọ lápapọ̀. Ọkọ tó ń rí owó aṣọ ẹbí san, kó wá owó mọ́tò ọjọ́ àyẹ̀wò. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan; kí àyẹ̀wò yìí wà nínú ohun tó ń san.

Nínú ọ̀rá tí ìyá fi ń tọ́jú káàdì ọmọ, kí káàdì kejì wà tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, tí ọjọ́ àyẹ̀wò tó ń bọ̀ wà lára rẹ̀. Kó máa rántí ọjọ́ náà bó ṣe ń rántí tọmọ, yálà ibì kan ń dùn ún tàbí kò dùn ún.