Oúnjẹ Ẹja Tó Ajílẹ̀ fún Ewéko Inú Omi

Ẹni tó bá ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì, tó sì gbin ewéko sí i, kì í pẹ́ kó tó bá ọlọ́jà tó fẹ́ ta ìgò ajílẹ̀ olómi fún un pàdé. Ọ̀pọ̀ ló ń rà á. Owó tí kò yẹ kó jáde lápò wọn ni.

Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ni wọ́n ti ń fọ́n sómi láràárọ̀. Oúnjẹ ẹja tí purotéènì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 wọ́pọ̀ lọ́jà, bẹ́ẹ̀ sì ni naitirojín kó nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 purotéènì. Gíráàmù kan irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní naitirojín tó tó mílígíráàmù 64. Ìwọ̀nba ni ẹja fi ń dàgbà nínú rẹ̀. Èyí tó kù, amóníà ni púpọ̀ rẹ̀ ń dà nínú omi. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ̀mù àti irin náà wà níbẹ̀, torí ohun tó ti ní ẹ̀mí rí ni wọ́n lọ̀ pọ̀. Àwọn tó ń da omi ẹja àrọ̀ sídìí ẹ̀fọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Diana Walstad, ará Amẹ́ríkà, ló tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Ecology of the Planted Aquarium, tó jáde ní 1999. Erùpẹ̀ lásán nísàlẹ̀, ewéko tó pọ̀, ẹja tó ń jẹun dáadáa: ó parí. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ewéko inú omi a máa mu amóníà kí wọ́n tó yíjú sí náítíréètì. Amóníà yìí kan náà ló ń pa ẹja. Ìgò wo ló lè bá ènìyàn kó o kúrò?

Irin àti pòtásíọ̀mù ni oúnjẹ ẹja ti máa ń kùnà. Ní Yunifásítì Virgin Islands, níbi tí James Rakocy ti fi omi ẹja epìyà gbin ẹ̀fọ́ láìlo ilẹ̀, wọ́n ní láti fi àwọn méjèèjì àti kálísíọ̀mù kún omi náà. Erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń dí àlàfo yẹn nínú àpótí. Ẹni tó bá tan iná tó mọ́lẹ̀ rokoṣo, tó tún ń fẹ́ gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì sómi, ìgò tọ́ sí onítọ̀hún.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí bu oúnjẹ ní ìlọ́po méjì o. Ẹja ló máa kọ́kọ́ kú. Kí ó wo ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bí kò bá ní àwọ̀ ìyeyè, kí ó fi ìgò ọlọ́jà sílẹ̀ fún un.