Wọ́n Ní Ó Tẹ Oògùn Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yà ara tí ó gba àyè nínú èdè àti àṣà Yorùbá tó ẹsẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí ó bá dúró ṣinṣin, a ní ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá sá lójú ìjà, a ní ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, omi ni wọ́n fi ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Àwọn babaláwo a sì máa sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí: ire tí orí yàn, ẹsẹ̀ ni í gbé ni débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nípa ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò. Bí egbò bá yọ sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà, tí ó kọ̀ tí kò jinná, ohun tí ẹbí yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀." Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó gbé e sílẹ̀: bóyá orogún ni, bóyá ẹni tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Oṣù kan á kọjá, egbò á dúdú, á máa rùn. Nígbà tí wọn yóò bá fi dé ilé ìwòsàn, gígé ni ó sábà máa ń kù fún dókítà.

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí oògùn. Àtọ̀gbẹ ni mo mọ̀ pé kì í dúró de ọ̀tá. Egungun 26 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ kan, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ-ìka, iṣan tín-ín-rín sì ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ: ibí gbóná, ibí ní ẹ̀gún. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, iṣan wọ̀nyí a máa kú díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ a sì máa fún. Ènìyàn lè tẹ ìṣó láàárọ̀ kí ó máa fi rìn títí di alẹ́ láìmọ̀. Ohun tí kò dun ni, ta ni yóò wò ó? Ìdí nìyí tí egbò fi ń dàbí ohun tí a fi ránṣẹ́ síni.

Àṣà tí ìbá gbà wá ni a sì pa tì. Àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí ọmọ gun ẹní láìfọ ẹsẹ̀. Òrí tàbí àdín ni wọ́n sì fi ń pa á. Àwọn kan rò pé nítorí ẹrẹ̀ nìkan ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìyá ti ń rí ẹ̀gún, jìgá àti gìgísẹ̀ lílà. Lóde òní, bàtà bo ẹsẹ̀, a sì gbà pé ó mọ́. (Ti bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn ọmọge ń fún ẹsẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kí alátọ̀gbẹ padà sí àṣà yìí lálaalẹ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ó lò, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò, nítorí omi gbígbóná lè bó ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́. Kí ó nu àárín ọmọ-ìka gbẹ, kí òrí má dé ibẹ̀. Kí ó gbọn bàtà kí ó tó wọ̀ ọ́. Kí ó má sì fi abẹ gé awọ líle. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa, kí ọmọ-ọmọ bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀. Bí wọ́n bá rí egbò, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ilé ìwòsàn ni kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ wá ẹni tí ó gbé oògùn sílẹ̀, kí ó máa wá a nígbà tí dókítà bá ti di egbò náà tán.