Ibi Tí Ìbọn Bá Dákẹ́ Ni Ẹranko Ti Ń Jẹ̀

Nínú igbó New Forest nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin àti màlúù a máa jẹ̀ káàkiri láìsí okùn lọ́rùn, tọkọtaya tó wà lẹ́nu ìsinmi a sì máa rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tọkọtaya tó ń gbé ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, náà ní tiwọn. Igbó ọba Comoé, tó wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, tóbi ju Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ. Erin, ẹfọ̀n àti ìnàkí ló ń rìn fàlàlà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tó sọ Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, kò dá ènìyàn nìkan lóró. Ẹ̀ṣọ́ igbó sá, àwọn tó ń jí ẹran pa wọlé. Lọ́dún 2003, àjọ UNESCO ka Comoé mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu. Nígbà tí àlàáfíà padà, erin àti ìnàkí tún ń gbèrú, àjọ náà sì yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2017.

Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn agbébọn pa àwọn ọmọ ogun ní Kafolo, lẹ́bàá igbó náà. Nítorí náà, kí tọkọtaya tó di ẹrù, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀nà ti rí. Níbi tí ìbọn bá ti ń dún, ènìyàn kò lè rìn fàájì, ẹranko pàápàá kò sì ní ráyè jẹ̀.