ÌLERA ÌDÍLÉ: Oògùn tí a gbé mì, ibo ló ń gbà?

 

Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú kan, ìyá àgbà kan bi wá ní ìbéèrè kan tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó dáadáa, a rí i pé ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní: "Bí orí bá ń fọ́ mi, mo gbé oògùn mì. Ikùn ni oògùn náà bọ́ sí. Ta ló wá júwe ọ̀nà orí fún un?"

Ìyá wa, kò sí ẹni tó júwe ọ̀nà fún un. Oògùn kò mọ orí, kò mọ ẹsẹ̀. Gbogbo ara ló ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ káàkiri, ibodè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹ̀dọ̀ ni ibodè náà.

Apá ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, lábẹ́ egungun ìhà. Ti àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ààbọ̀. Àwọn tí ń kun ẹran mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ni òróòro wà; a sì máa ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro.

Nígbà tí oògùn bá yòrò tán nínú ìfun, ẹ̀jẹ̀ á gbé e. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun wá kì í lọ sí ibòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ti ń yẹ ẹrù wò bí aṣọ́bodè. Á mú díẹ̀ nínú oògùn náà, á yí i padà. Èyí tó kù á kọjá lọ ṣiṣẹ́ nínú ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti ń yípo, á tún máa gbé oògùn náà padà wá, ẹ̀dọ̀ á tún máa mú nínú rẹ̀, títí yóò fi tán. Èyí tí ẹ̀dọ̀ ti yí padà á bá ìtọ̀ jáde, tàbí kí ó bá òróòro lọ sínú ìfun, kí ó sì bá ìgbẹ́ jáde. Ìdí nìyí tí agbára ọ̀pọ̀ oògùn fi ń tán lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí dókítà sì fi ń sọ iye wákàtí tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó tún lò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ní ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká mú parasẹtamọ́ọ̀lù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ilé tí kò sí kò pọ̀. Oògùn rere ni bí a bá lò ó bó ti yẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di ohun tí kò lè pa wá lára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ máa ń di májèlé nínú ẹ̀dọ̀ gan-an. Ẹ̀dọ̀ ní èròjà kan nípamọ́ tí ń pa oró májèlé náà. Glutathione ni àwọn dókítà ń pè é. Èròjà yìí dà bí omi inú àmù: bí a bá ń bù ú ju bí a ti ń pọn ọ́n lọ, yóò gbẹ. Bí ó bá sì ti gbẹ, májèlé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ wo bàbá kan tó ti oko dé, tí gbogbo ara ń ro ó. Ní àárọ̀, ó lo hóró parasẹtamọ́ọ̀lù méjì, 500 miligíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sán, aládùúgbò fún un ní Doliprane 1000 méjì. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ra oògùn ọ̀fìnkìn, ó lo méjì. 500 miligíráàmù parasẹtamọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó sùn, ó tún lo méjì bíi ti àárọ̀. Lójú tirẹ̀, oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lójú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni, ó sì ti di 5,000 miligíráàmù. Bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 3,000 láàárín wákàtí 24 bí dókítà kò bá sọ fún un. Dókítà fúnra rẹ̀ kì í sábà kọjá 4,000. Bí bàbá náà kò bá tíì jẹun dáadáa, tí ó sì jẹ́ ẹni tí ń mu sódàbì lójoojúmọ́, omi inú àmù ti lọ sílẹ̀ kí ó tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Ní ọjọ́ kìíní, ó lè jẹ́ èébì nìkan, tàbí kí ènìyàn má tilẹ̀ mọ nǹkan kan lára. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ìhà ọ̀tún á máa dunni, tí ojú á pọ́n bí epo, tí ìtọ̀ á dúdú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá lo àlòjù, ẹ má ṣe dúró de ìrora. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání. Oògùn tí ń pa oró yìí wà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe dá oògùn àgbà sí méjì fún ọmọ ọwọ́. Kílò ara ọmọ ni a fi ń wọn tirẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 10, 150 miligíráàmù ni tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta hóró 500. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì gbó, ẹ má ṣe fún un ní nǹkan kan láìbi dókítà.

Àgbo náà ńkọ́? Ibodè kan náà ni òun náà ń gbà. Ẹni tó bá ń mu àgbo, kí ó sọ fún dókítà láìtijú.

Ní ọdún 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbógun ti oògùn tí wọ́n ń tà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Oògùn tí a bù sínú ọ̀rá láìsí páálí, ta ló mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ ra oògùn ní famasí. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ bá ìyá àgbà yín ka ara páálí. Bí ẹ bá rí "paracétamol" lára méjì, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀kan náà ni.

 Ẹ̀dọ̀ tí ń yẹ ẹrù fún wa tọ̀sán-tòru, ẹ má ṣe jẹ́ ká di ẹrù pa á.