Èsì mi fún ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa ọkọ̀ ojú omi tí èmi àti Mummy wọ̀

Láti ọjọ́ Ẹtì tí mo ti gbé fótò èmi àti Mummy síbí, inbox mi ò sinmi. Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ní, "Dádì, ṣé pásítọ̀ náà ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́?" Àwọn kejì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní, "Dádì, kí ló dé tó jẹ́ ọkọ̀ ògbólógbòó yìí lẹ wọ̀? Ẹ ò bá ti sọ fún ìjọ kí a dáwó fún yín." Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún 30 rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ṣègbéyàwó. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá ní Atlanta níbí mọ̀ pé bí ó bá ṣe ń ti ibi iṣẹ́ wọlé láàárọ̀ ni èmi ń jáde. Kò sí ibi tí a jọ lọ rí, àfi convention, ìgbéyàwó àti òkú. Ìgbà tí àjọ kan Mummy lọ́dún yìí, ó ní, "Dádì, owó yìí ò lọ sí Nàìjíríà o, ìsinmi la máa fi ṣe." Mo fẹ́ jiyàn. Mo wá rántí Máàkù orí 6 ẹsẹ 31, níbi tí Jésù ti rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun ò ráyè jẹun mọ́, tó sì ní kí wọ́n lọ síbi tó dá láti sinmi. Ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e: ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ lọ. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Lóòótọ́, ọkọ̀ wa ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Èbúté Palm Beach ní Florida ló ti gbéra lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti dé Freeport ní erékùṣù Grand Bahama. A sun òru méjì péré. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní 2024, lè gbé èrò tó tó 7,600. Tiwa ò lè gbé 2,000. Yàrá wa ò ní fèrèsé. Bí mo bá fẹ́ kọjá lọ sí ilé ìtura, Mummy gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lífìtì wọn máa ń ronú kó tó dé. Nígbà tí a wọ inú ìṣàn omi alágbára tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream lóru, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọkọ̀ kékeré máa ń mì ju ńlá lọ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Mummy bì lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbàdúrà fún un, mo sì fún un ní atalẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó béèrè fún yàrá ìsàlẹ̀ tó wà ní àárín ọkọ̀. Ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì.

Ẹ má sì gba owó tí wọ́n kọ síta gbọ́. 138 dọ́là ni mo rí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ro owó èbúté pọ̀, owó orí, owó tip àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́, àti ibi tí a gbé mọ́tò sí, àwa méjèèjì ná 540. Omi inú ike gan-an, owó ni. Wọn ò jà wá lólè o, ó wà nínú ìwé tí mi ò kà dáadáa. Síbẹ̀ owó àjọ san gbogbo rẹ̀, ó sì ṣẹ́ kù.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Tọkọtìyàwó kan nínú ìjọ wa (wọ́n ti fún mi láyè láti sọ ọ́) wọ ọkọ̀ ńlá fún ọjọ́ méje nígbà tí ìyàwó pé 50 ọdún. Yàrá onífèrèsé, aṣọ funfun, fótò lóríṣiríṣi. Káàdì ni wọ́n fi san gbogbo rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì san án tán, èlé ń gun orí èlé. Ọkọ ti gba iṣẹ́ kejì. Wọn ò ráyè sọ̀rọ̀ mọ́, ìgbà tí wọ́n bá sì sọ ọ́, ìjà ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí? Èmi náà wà lára àwọn tó kọ ọ́ sábẹ́ fótò wọn pé èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀. Mi ò béèrè rí bí wọ́n ṣe rí owó náà. Pásítọ̀ wọn ni mí, ó yẹ kí n ti béèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dáwó fún mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n rárá. Mo mọ̀ yín. Mo mọ ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà láti àárọ̀ di òru, tó sì ń sùn nínú mọ́tò kó tó wá ṣe ìsìn. Kí n wá máa fi òógùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ na ẹsẹ̀ lójú òkun? Ó tì o.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ilé tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, ọtí náà wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà ilé oúnjẹ, mo ń gba ibẹ̀ kọjá, èéfín sìgá nìkan ni mo bá bọ̀. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà nínú fóònù àwọn ọ̀dọ́ wa, àwọn kan ń ta á bí mo ṣe ń wàásù lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó tíì kọ̀wé sí mi nípa ìyẹn.

Obìnrin kan ló fi takisí gbé wa káàkiri Freeport. Mummy bi í léèrè bó ṣe ra mọ́tò rẹ̀. Ó ní "asue" lòun fi rà á. Mo ní kí ló pè é? Ó ṣàlàyé pé àwọn kan ń dá iye kan náà jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á kó o, ó yí kárí. Haa! Èésú nìyẹn, èésú àwọn ìyá wa! Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, wọ́n sì ń sọ wọ́n kalẹ̀ ní Bahamas. Àwọn Yorùbá wà lára wọn. Wọn ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, èésú ni wọ́n mú dání. Mummy di obìnrin náà mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún, èmi dúró síbẹ̀ mò ń mú báàgì.

Ó tún fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn wá, nígbà tí ìjì Dorian dúró lórí erékùṣù wọn ní oṣù kẹsàn-án 2019. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọkọ̀ ní ògbólógbòó, ẹ gbọ́: Grand Celebration, ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n kàn ní 1987, ló kó oúnjẹ lọ sí Freeport lẹ́yìn ìjì náà, tó sì kó àwọn ènìyàn tó ju 1,000 lọ padà wá sí Palm Beach.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n má gbàgbé. Bahamas kì í ṣe Amẹ́ríkà. Bí ọkọ̀ bá ti dé ibẹ̀, ẹ ti jáde nìyẹn. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò tí àwọn ń fún ọmọ Nàìjíríà yóò jẹ́ ti àwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ wọlé, tó wá bọ́ sínú ọkọ̀ yìí, kò ní ohun tó máa fi padà. Ẹni tó sì ń retí green card níhìn-ín, tí kò gba ìwé àṣẹ ìrìnàjò, ohun tó ti ń retí lè dànù. Ẹ rí lọ́yà yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Mummy ti wọ àjọ tuntun, nọ́ńbà keje ló mú. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, àfi yàrá onífèrèsé. Bible study di aago méje alẹ́ Ọjọ́rú, ẹ má pẹ́ o.